Wàrà Sóyà Oníyọ̀

Òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìyẹn sí ìròyìn ní Keelung, ìlú wa yìí? Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀ gan-an ni a máa ń bi ara wa pé ṣé kò sí nǹkan.

Ilé oúnjẹ àárọ̀ wa wà lẹ́yìn ọjà ẹja, ní ẹ̀gbẹ́ èbúté, nínú ọ̀nà tóóró kan tí alùpùpù méjì kò lè pàdé láìjẹ́ pé wọ́n bú ara wọn. Chin-yuan, ọkọ mi, ló ń din yòtíáò ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń kọjá á rí bí ó ṣe ń fa ìyẹ̀fun pípò náà gùn, tí á jù ú sínú epo, tí á wú, tí á yí padà, tí á sì pọ́n kí ènìyàn tó mọ̀. Èmi, A-Tao, ni mò ń bu wàrà sóyà, èmi ni mò ń da ẹyin lé ìyẹ̀fun lórí irin gbígbóná tí mo fi ń ká dànbíǹ, èmi náà ni mo sì ń sọ̀rọ̀. Chin-yuan kì í sọ̀rọ̀. Ó ní èyí tí mò ń sọ tó àwa méjèèjì.

Nínú gbogbo oníbàárà wa, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ le tó ti Lien Huo-wang. Ọ̀gá Lien ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń wa ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa àwọn ọkọ̀ òkun ràgàjì wọ èbúté. Bóyá atẹ́gùn òkun ló mú ojú náà le bẹ́ẹ̀, bóyá bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ó bá wọlé, ọmọ ọwọ́ tó ń ké á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ojú rẹ̀ á le. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ojú rẹ̀ á le. Nígbà tí Yu-chen, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, yege nínú ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì, ó ra yòtíáò fún gbogbo ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹni tí wọ́n jí alùpùpù rẹ̀ gbé ló sì fi pín in.

Àárọ̀ ọjọ́ yìí, ó wọlé pẹ̀lú kóòtù dúdú àti táì pupa. Àwọn ẹlẹ́ja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, tí bàtà òjò wọn ṣì ń kán tótó, dá ṣíbí dúró.

"Ọ̀gá Lien, ta ló kú?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Ìwọ ni, tó o bá tún la ẹnu yẹn. Ọmọ mi ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ lónìí."

Hàà! Ariwo sọ. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń kí i kú oríire. Èmi náà fi ìgbákọ lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Mo ti mọ Yu-chen láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì yọ lókè tábìlì, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan la máa ń rí tó ń wá ṣúgà kiri.

"Ṣé Ting-yao yẹn náà ni? Ọmọ gúúsù yẹn?" ni mo bi í.

"Òun náà ni."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí? Ṣebí ilé ló yẹ kẹ́ ẹ wà."

"Ìyàwó mi ní mi ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan. Ó ní àsè ń bẹ lọ́sàn-án. Ó ní tí epo bá fi lè kán sí aṣọ yìí, kí n máa lọ sùn nínú ọkọ̀." Ó fa àga pénpé kan sábẹ́ ara rẹ̀. "Bù ú wá, A-Tao."

Mo bọ́ kóòtù náà lọ́rùn rẹ̀, mo fi kọ́ ògiri. Mo wá fún un ní aṣọ ìdáná mi kan, èyí tó bo àyà títí dé orúnkún, mo so okùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn kí ìyá Yu-chen má bàa pa wá. Mo bu wàrà sóyà oníyọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: fínígà díẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́, edé gbígbẹ, àlùbọ́sà eléwé, yòtíáò gígé wẹ́wẹ́, kí n tó da wàrà gbígbóná lé e láti òkè. Kíá ló dì, tó ń mì jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Mo kán epo ata sí i lójú.

Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Ṣíbí ló ń yí kiri inú abọ́.

"Kí ló dé?"

"Pingtung tiwọn yẹn jìnnà, A-Tao."

"Ọkọ̀ ojú irin ayé òde òní ń sáré, ẹ jàre."

"Àgbẹ̀ ni wọ́n. Oko lianwu ni wọ́n ní." Èso pupa olómi tó rí bí agogo yẹn ló ń wí. "Ọmọ tó kàwé nọ́ọ̀sì, kó wá lọ máa yí nínú ẹrẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ bá bàbá ọmọ náà sọ. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. Tí mo bá ti ní ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ tán."

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí inú rẹ̀ lè yọ́, ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà kéré, oòrùn ti pa á dúdú, òjò sì ti pa á, ó ti tutù rinrin. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ni, ojú ìká rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ sílípáàsì hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé bàtà aláwọ dúdú kan mọ́ àyà nínú ọ̀rá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé òjò tiyín níbí kì í sinmi ni?"

"Ó sinmi lọ́dún tó kọjá," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ jókòó."

Ibo ni yóò jókòó sí? Òjò ti lé gbogbo ayé wọlé. Àga kan ṣoṣo tó ṣófo wà níwájú Ọ̀gá Lien, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ jókòó kọjú sí ojú yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fìdí lé ibí yìí."

Ọ̀gá Lien fi orí tọ́ka sí àga náà.

"Wàrà sóyà kan fún mi, ìyá, èyí tó gbóná dáadáa."

"Oníyọ̀ ni àbí onísúgà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Oníyọ̀ kẹ̀? Ṣé ẹ rí i pé àlejò ni mí lẹ fi ń bá mi ṣàwàdà?"

"Fún un ní oníyọ̀," ni Ọ̀gá Lien wí.

Ẹnu yà mí. Ọ̀gá Lien kì í dá sí ọ̀rọ̀ àjèjì. Mo bù ú, mo gbé e síwájú ọkùnrin náà. Ó wo inú abọ́. Ó tún un wò. Ó wá tẹ̀ sí mi létí bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ìtìjú mi.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́."

"Ó ti dì, ẹ wò ó! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlẹ́dẹ̀ la máa ń fún nírú èyí."

Chin-yuan yí ojú kúrò lára epo rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, ó tún yí padà. Àwọn ẹlẹ́ja ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ dijú," ni Ọ̀gá Lien sọ fún un. "Ẹ gbé e mì."

Ọkùnrin náà dijú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn. Ó gbé ṣíbí kan sẹ́nu. Ó la ojú kan. Ó la èkejì.

"Áà," ló wí. Ó gbé ṣíbí kejì. "Áà! Ta ló mọ̀? Ọdún wo ni mo ti ń mu wàrà sóyà, tí wọ́n ń fi ṣúgà tàn mí jẹ!"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá Lien kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá yòtíáò rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i. "Ẹ rì í bọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀ tán o. Kí ìdí rẹ̀ rọ̀, kí orí rẹ̀ ṣì máa dún lẹ́nu."

Báyìí ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó dùn ún wò. Nígbà tí abọ́ tán, ọkùnrin náà ní kí n tún bu òmíràn, ó tún béèrè búrẹ́dì pẹlẹbẹ oníyànmọtí kan. Oúnjẹ náà wọ̀ ọ́ lára, ahọ́n rẹ̀ sì tú.

"Ẹ̀gbọ́n, inú yín dára. Láti àná tí mo ti dé ìlú yìí, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Mo wá tọrọ ìyàwó fún ọmọ mi ni. Láti Pingtung la ti wá."

Ìgbákọ dúró lọ́wọ́ mi. Mo wo Ọ̀gá Lien. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ó le bó ṣe máa ń le, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mú yòtíáò dúró sókè láàárín abọ́ àti ẹnu. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo pa ẹnu mi dé. Àwọn ẹlẹ́ja náà ti gbọ́. Ẹni tó ń jẹun rọra ń jẹun, ẹni tó fẹ́ san owó kò dìde mọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Lien wí. "Kí ló wá dí yín lọ́nà ọ̀fun?"

"Ẹ̀rù ni, ẹ̀gbọ́n. Bàbá ọmọ náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n. Ọmọ mi ní ojú wọn dà bí ojú ẹja inú yìnyín."

Irin tí Chin-yuan fi ń mú yòtíáò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irú ẹja wo?" ni Ọ̀gá Lien béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní irú ẹja wo. Ẹja pọ̀."

"Kò sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ bí ẹja inú yìnyín ṣe máa ń wo èèyàn."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ọ̀gá Lien dáhùn. Ẹlẹ́ja kan ti tẹ orí mọ́lẹ̀ sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan. Pan Jung-fa lorúkọ rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún wa báyìí, bó ṣe sọ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló yẹ kó ṣe alárinà, kó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n eyín ríro ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú láti àná bí ẹni tó gbé ọsàn sẹ́nu. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ó wá kù sí èmi lọ́wọ́. Bí mo bá wà láàárín irú ẹ̀yin báyìí, ẹnu mi kì í dákẹ́, ìyàwó mi ní bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà aláwọ yìí báyìí, kí n rí ẹni ńlá, gbogbo ẹ̀ parí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi, wọ́n bi mí lórúkọ, orúkọ ìyàwó mi ni mo dá wọn lóhùn."

"Tí bàbá ọmọ náà bá wá ní rárá ńkọ́?" ni Ọ̀gá Lien béèrè.

Bàbá Pan gbé yòtíáò rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo àwàdà kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ìjì líle tó jà lọ́dún méjì sẹ́yìn? Tí ọkọ̀ ojú irin dúró káàkiri gúúsù? Ọmọbìnrin yẹn wá bá wa. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà yẹn o, ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n. Ó wọ ọkọ̀ tó kó ẹ̀fọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹrẹ̀ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó bọ́ èkejì jù nù. Ìyá mi kò lè rìn mọ́, ọmọ náà pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, ó gbé wọn lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wa kí omi tó dé. Ó wá padà wá bá wa nínú oko. A ń so igi lianwu mọ́ òpó, atẹ́gùn ń já okùn gbà lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a kó okùn fún òun. Ó ní bàbá òun kọ́ òun ní irú kókó kan tí ìjì kò lè tú."

Ọ̀gá Lien gbé abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdajì oko wa ti dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo igi tí ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ so, ọ̀kan ò wó. A jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a jọ jẹ ìrẹsì tútù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ọmọ mi pé tó bá jẹ́ kí eléyìí lọ, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Torí náà bí bàbá ẹ̀ bá ní rárá, màá padà wá lọ́la. Màá tún padà wá. Àgbẹ̀ ni mí, dídúró kò ṣòro fún mi."

Èmi rántí ọjọ́ ìjì náà dáadáa. Yu-chen sọ fún ilé pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà, pé ọsibítù kò jẹ́ kí òun wálé. Ọ̀gá Lien jókòó síbi gan-an tó jókòó sí yìí, ó ń sọ fún mi pé ó ṣeun tí ọmọ òun wà lábẹ́ òrùlé tó lágbára.

"Kókó wo ló ta?" ni Ọ̀gá Lien béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Okùn yẹn. Báwo ló ṣe ta á?"

Bàbá Pan wo ilẹ̀, kò rí okùn. Ọ̀gá Lien fa okùn aṣọ ìdáná mi lẹ́yìn ara rẹ̀, ó tú u, ó bọ́ aṣọ náà lọ́rùn, ó sì na okùn rẹ̀ sí i lórí tábìlì. Bàbá Pan mú un, ó yọ ahọ́n díẹ̀ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i mọ́ ìka.

"Ó gbé e gba abẹ́ báyìí... ó yí i lẹ́ẹ̀mejì... ó wá gbé e gba apá ọ̀tún..."

"Rárá o. Apá òsì. Kó tó wá gba inú ihò yìí." Ọ̀gá Lien gba okùn náà, ó fà á, ó le pátápátá. "Bí mo ṣe kọ́ ọmọ náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣeé kó padà. Bàbá Pan wo kókó náà. Ó wo táì pupa tó ti hàn síta báyìí. Ó wo kóòtù tó wà lára ògiri. Ojú rẹ̀ wá rọra gòkè lọ sí ojú Ọ̀gá Lien, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "irú iṣẹ́ wo lẹ ní ẹ̀ ń ṣe?"

"Mi ò tíì sọ. Ẹ mu wàrà yín, àna mi, ó ń tutù."

"Mo gbé!" ni Bàbá Pan kígbe. Ó fò dìde, àga rẹ̀ yí dànù. Ó fẹ́ wọ bàtà aláwọ, ó gbé ti ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ẹja yẹn, èmi kọ́ o! Ting-yao ló sọ ọ́! Mo máa lu ọmọ yẹn. Mo máa lù ú níwájú yín."

Nígbà yẹn ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ tí wọ́n ti tan án gbẹ̀yìn. Ọ̀gá Lien ń rẹ́rìn-ín! Ó di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń sọ pé "ẹja inú yìnyín, ẹja inú yìnyín," ó tún bú sí ẹ̀rín. Àwọn ẹlẹ́ja tó ti ń mú un mọ́ra láti àárọ̀ wá bú jáde, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹja tútù kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú Ọ̀gá Lien, ó ní ká wá wo ìbejì. Èmi kò lè bu nǹkan kan mọ́, ikùn ló ń dùn mí.

Àárín ariwo yìí ni Yu-chen bá wa. Ìyá rẹ̀ ló rán an pé kó wá bàbá rẹ̀ lọ. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ pupa, agboòrùn lọ́wọ́, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó wọ ilé onílé.

"Bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?" Ó wá rí ẹnìkejì. "Yéè! Bàbá Ting-yao! Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ọmọ mi, wọ́n ti fún mi ní wàrà tó bàjẹ́," ni Bàbá Pan dáhùn. "Ó dùn bí nǹkan míì!"

Ọ̀gá Lien nu ojú rẹ̀. Ó gbé okùn náà sókè, pẹ̀lú kókó tó wà lára rẹ̀.

"Lọ́jọ́ ìjì yẹn, ẹnu iṣẹ́ lo wà, àbí?"

Yu-chen wo okùn. Ó ti mọ̀ pé àṣírí ti tú. Ó fi eyín mú ètè. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ ni."

"Ìyá arúgbó wọn ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Ó le. Wọ́n máa ń béèrè mi lórí fóònù lójoojúmọ́."

"Ó dáa." Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Jókòó. O ò tíì jẹun."

Ó jókòó sáàárín àwọn bàbá méjèèjì, mo ká dànbíǹ fún un, mo fi ẹyin méjì sí i. Ìgbà tí ó jẹ ẹ́ dé ìdajì ni Bàbá Pan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, ó lu orí ara rẹ̀.

"Alárinà ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wú. Ta ló máa sọ̀rọ̀ fún wa?"

"Kì í ṣe èmi," ni Ọ̀gá Lien wí kíá.

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé ṣọ́ọ̀bù kún?" ni mo wí. "Ta ló máa bu wàrà? Ẹ wo irun mi! Edé ni mò ń rùn látòkè délẹ̀."

"Àǹtí A-Tao, ẹ jọ̀ọ́ o," ni Yu-chen wí.

Chin-yuan kò yíjú kúrò lára epo. "Lọ," ló wí.

"Àwa á bu wàrà!" ni àwọn ẹlẹ́ja pariwo. Ẹni tó gbé ẹja lẹ́ẹ̀kan ti gba ìgbákọ lọ́wọ́ mi, ó ti ń bi oníbàárà bóyá oníyọ̀ ni àbí onísúgà.

Alárinà gbọ́dọ̀ wọ pupa. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ohun pupa kan ṣoṣo tí mo ní ni aṣọ òjò mi. Mo wọ̀ ọ́. Mo fi omi ṣan ojú, mo fi ọwọ́ tún irun ṣe. A jọ ṣe àdéhùn lójú ọ̀nà pé a kò ní jẹ́ kí ìyá Yu-chen mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ jẹun, àwọn bàbá méjèèjì á sì ṣe bí ẹni tí kò rí ara wọn rí. Bàbá Pan gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ mú àwọn èèyàn rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wá wo irọ́ nílé Ọ̀gá Lien! Àwọn méjèèjì ń tẹrí ba fún ara wọn bíi pé wọ́n fẹ́ fi iwájú gbálẹ̀. "Inú mi dùn láti rí yín." "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá." Ting-yao jókòó bí igi, òógùn bò ó, kò mọ̀ pé wọ́n ti tọrọ ìyàwó fún òun tán. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Pan fi ìborùn wé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ yìn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ gbólóhùn tó dára. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa, èmi fúnra mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kó ìyìn ọmọ méjèèjì jáde, mo ṣàlàyé ìdílé, mo sọ ti ìjì, mo sọ ti ìyá arúgbó tí Yu-chen pọ̀n. Ìyá Yu-chen, tí kò gbọ́ ọ rí, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lẹ́yìn náà ló fa imú. "Kí ló ń rùn bí edé gbígbẹ nínú ilé yìí?"

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Yu-chen gbé tíì onísúgà wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti Bàbá Pan síwájú rẹ̀. Ó yẹ kí àna ọkùnrin sọ ọ̀rọ̀ ìre kí ó tó mu ún. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ti wọ bàtà aláwọ. Mo rí i tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí ó ń wá ọ̀rọ̀, tí kò rí i.

"Oníyọ̀ ni àbí onísúgà?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá Lien gbìyànjú. Mo rí i pé ó gbìyànjú. Ó di ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n ju táì rẹ̀ lọ, ẹ̀rín náà ṣáà já gbà á lẹ́nu. Bàbá Pan bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n Bàbá Pan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń ké "yéè, eyín mi, ẹ má pa mí," ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ìyá Yu-chen dìde. Ó rìn lọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó fi ìka mú èérún yòtíáò kan kúrò lábẹ́ táì, ó gbé e wò nínú ìmọ́lẹ̀.

"Huo-wang," ló wí, "ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun."

"O jẹun, o sì ń rẹ́rìn-ín." Mo rò pé yóò bínú. Ó ju èérún náà sẹ́nu ara rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rántí gbé tèmi bọ̀ nínú yín," ló wí, ó sì lọ jókòó ti ìyàwó Pan.

Ìgbà tí lianwu pọ́n ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú oko ní Pingtung. A ti ṣọ́ọ̀bù pa, èmi àti Chin-yuan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí gúúsù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí kùtùkùtù gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo lọ sí ilé ìdáná láti wá ohun tí mo lè ṣe. Ìyá arúgbó Pan ti wà níbẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ń pàṣẹ fún àwọn ìyàwó ilé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìjókòó kan lábẹ́ igi.

"Jókòó síbẹ̀."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá wọn..."

"Mo ní kí o jókòó."

Wọ́n gbé e wá fún mi: ìrẹsì olómi tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sè, ẹyin dídín, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnìkan ń dúró kí n bu nǹkan fún òun. Kò sẹ́nìkan. Oòrùn ń yọ láàárín ewé, kò sí òjò rárá, mo gbé ṣíbí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí abọ́ fẹ́ tán, ìyá arúgbó náà tún na ọwọ́ sí i pé kí wọ́n bu sí i fún mi.